Ìbéèrè tí olùkọ́ ń fún ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àforítì. Kò sí sáà tí a kì í gbọ́ ọ, lẹ́nu òbí àti lẹ́nu olùkọ́, pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe ìwádìí mọ́: fóònù ni wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n ń dà kọ, wọn kì í tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n lójú àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n ń mú, ìrù rẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kọ "Kí ni ibà? Dárúkọ ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà dènà rẹ̀", kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe bí kò bá dà á kọ? Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ìdáhùn náà wà, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an sì ni olùkọ́ fẹ́ rí i. Kí ọmọ tó ṣẹ́jú, Google ti gbé e jáde.

Ohun tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ ìwádìí kò lọ́jú pọ̀. Kí ọmọ mọ ohun tí òun fẹ́ mọ̀, kó mọ ibi tó ti lè rí i, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé gbára lé, kó sì lò ó láìjí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Láti 1974 tí Paul Zurkowski ti fún un lórúkọ ní Amẹ́ríkà, tó pè é ní "information literacy", ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ìwé lé e lórí. Mike Eisenberg àti Bob Berkowitz pín in sí ìpele mẹ́fà, wọ́n pè é ní Big6, kò sì sí àléébù lára rẹ̀. Àléébù wà lára bí àwa ṣe ń lò ó: a ó kọ ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sára ògiri, àwọn ọmọ á há a sórí bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìsọdipúpọ̀, ìdánwò á bi wọ́n ní ìpele kẹta, wọ́n á gba máàkì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wádìí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ètò ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìbéèrè, kí ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé tuntun àti kọ̀ǹpútà tó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ibà yẹn náà. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì JSS 1 gbé e kalẹ̀ báyìí: "Nínú ilé mẹ́ta tó sún mọ́ tiyín, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dènà ẹ̀fọn? Èwo nínú àwọn ọ̀nà náà ni ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fọwọ́ sí? Èwo ni o kò rí ẹ̀rí kankan fún?" Ẹnu aládùúgbò ni ìdáhùn àkọ́kọ́ wà, ìkejì wà nínú ìwé, ìkẹta sì di ti ọmọ fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń dán ìbéèrè wò kò le: kí olùkọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀ kó tó gbé e fún kíláàsì. Bí ìdáhùn bá jáde lódindi, kó yí ìbéèrè padà. Kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Bí ìbéèrè bá ti rí báyìí, ilé-ìkàwé rí iṣẹ́ ṣe. Ọmọ á wọlé pé "ìwé ibà" lòun ń wá. Kò sí pẹpẹ tó ń jẹ́ ibà. Nínú ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò dòní, ẹ̀fọn wà láàárín àwọn kòkòrò ní 595, ìdènà àrùn láàárín ìlú wà ní 614, àìsàn náà àti ìtọ́jú rẹ̀ wà ní 616. Kí olùtọ́jú ilé-ìkàwé má ṣe nawọ́ sí wọn fún ọmọ. Kó ní kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó bá ibà tan sílẹ̀ (ẹ̀fọn, ẹ̀jẹ̀, omi adágún, àwọ̀n ẹ̀fọn), kó sì lọ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àkóónú iwájú ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀; bí wọn kò bá rí "ibà" gẹ́gẹ́ bí orí kan níbẹ̀, wọ́n á dá ìwé padà pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ fi ìwé kan náà lé ẹgbẹ́ méjì lọ́wọ́, kí ọ̀kan wá ẹ̀fọn nínú àkóónú, kí èkejì wá a nínú atọ́ka, kí wọ́n fi wéra. Wọn kò ní gbàgbé.

Ilé-ìkàwé tí ìwé rẹ̀ kò tó 1,000 kò nílò nọ́ńbà gígùn lára ìwé. Ẹyọ mẹ́ta tó: 398 fún àlọ́ àti òwe, 496 fún èdè Yorùbá, 630 fún iṣẹ́ àgbẹ̀, 896 fún lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Wọ́n á kó gbogbo ìwé tí a fi Yorùbá kọ sí igun kan, ìbáà jẹ́ ti ìlera, ti ìṣirò tàbí ti àlọ́. Lójú ọmọ, Yorùbá á wá di iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, kò ní jẹ́ èdè tí ènìyàn lè fi mọ nǹkan. Ìwé ìdènà àrùn tí a fi Yorùbá kọ, 614 ni ibùjókòó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í ná ilé-ẹ̀kọ́ ní kọ́bọ̀, tó sì ń ṣe ju ìwé tuntun ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-ìkàwé tó bá ti pẹ́ kì í ṣàì ní ìwé Social Studies tàbí ìwé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́. Ẹ wá mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra, ẹ gbé wọn sórí tábìlì, ẹ bi àwọn ọmọ pé: ìpínlẹ̀ mélòó ló wà ní Nàìjíríà? Ìwé kan á ní 12, èkejì á ní 19, ẹ̀kẹta á ní 36. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó ti mọ 36 láti ilé á ní irọ́ ni ìwé méjì yòókù ń pa. Ìgbà yìí ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé, níbi tí orúkọ òǹtẹ̀wé àti ọdún wà. Láti 1967 di 1976, ìpínlẹ̀ 12 ni òótọ́. Láti 1976 di 1987, 19 ni òótọ́. Lẹ́yìn náà ó di 21, ó di 30 ní 1991, ó di 36 ní 1996. Ìwé tí kò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nínú kò purọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ni. Èyí tí kò ní Èkìtì ńkọ́? Kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ọdún tí kò lè kọjá.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tó ń mú olùkọ́ pàápàá: àtúntẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Ìwé lè gbé 2015 síwájú nítorí pé wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún náà, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti 1979. Ọdún tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn ni kí ọmọ kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yọ ìwé gbó kúrò lórí pẹpẹ, kó fi ọgbọ́n ṣe é. Kó kó èyí tí ikán ti jẹ jáde, kó kó ìwé kọ̀ǹpútà àti ìwé ìlera tó ti di àtijọ́ jáde, ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan àwọn onípínlẹ̀ 12 àti 19 yìí sílẹ̀, kó lẹ àlẹ̀mọ́ pupa mọ́ wọn: "fún ẹ̀kọ́ ìwádìí nìkan". Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀, ẹ wo àwọn ìwé tí wọ́n kó ránṣẹ́ láti òkè òkun náà. Ìwé bí a ṣe ń ro yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò wúlò fún ọmọ Ṣakí, bó ti wù kí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán tó.

Ó wá ku dídàkọ. Ìwàásù kò tán an rí, ìjìyà náà kò tán an. Ohun tó ń dín in kù ni káàdì. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù A4 kan sí mẹ́rin. Kíláàsì ọmọ 60, káàdì márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 300 káàdì nìyẹn, ìyẹn kádíbọ́ọ̀dù 75. Bí owó kò bá sí, ẹ̀yìn ìwé ìdánwò tí a ti lò tẹ́lẹ̀ tó. Lókè káàdì ni ìbéèrè ń wà, ní àárín ni kókó kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ ni orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún àti ojú ìwé. Òfin tó gbé e ró ni pé ìwé kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí bírò bá wà lórí káàdì. Ọmọ á ka ìpínrọ̀ kan, á pa ìwé dé, á sọ ohun tó kà fún ẹnìkejì rẹ̀ ní Yorùbá, ìgbà náà ni yóò tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Yorùbá àárín yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ènìyàn lè da Gẹ̀ẹ́sì kọ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá láìmọ ohun tó wí. Ọmọ tó ka "stagnant water" lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí nǹkan kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, ibi tó dúró sí yẹn gan-an ni ìwé atúmọ̀ èdè ń dúró dè é. Nígbà tó bá padà wá pé "omi tó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí", ó ti di tirẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kó rántí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, èdè ilé kò sì dá àwọn ọmọ náà dúró.

Ní JSS 2, kí ẹ fi ẹnu àgbà kún ìwé. Káàdì tí wọ́n bá fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ẹni tó sọ ọ́, ìlú rẹ̀, bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe tó àti ọjọ́ tó sọ ọ́ ló ń wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó dára púpọ̀ fún èyí, nítorí agboolé méjì kì í sọ ọ́ bákan náà. Kí ẹ má ṣe bá ọmọ yan èyí tó jẹ́ òótọ́. Kí ó kọ méjèèjì, kó sì kọ ohun tí agboolé kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára bí wọ́n ṣe sọ ọ́: oyè ni àbí ilẹ̀?

JSS 3 ni ti WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gba ọmọ láyè láti mú fóònù wá, ìyẹn kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Kí olùkọ́ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan sára pátákó bó ṣe rí, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀, pẹ̀lú "ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá". Àpẹẹrẹ kan wà tí kò tíì tú lọ́kàn ènìyàn. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014 ni Ebola bá bàálù wọ Èkó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti gba orílẹ̀-èdè yìí kan pé kí tolórí-tẹlẹ́mù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì gbé e pé ẹ̀mí lọ sí i. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni kí àwọn ọmọ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ bí? Ọjọ́ wo? Kí ló fẹ́ kí n ṣe kíákíá? Ta tún ni ó sọ ọ́ tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́?

Ìbéèrè kẹrin yẹn ló le jù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ọmọ á ní òun ti rí i níbi mẹ́ta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n kàn ń tì síwájú. Ẹ fi ìwé ìròyìn kọ́ wọn: bí ìwé ìròyìn mẹ́ta bá gbé ìròyìn kan, tí NAN (iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀ tó ń pín ìròyìn fún àwọn ìwé ìròyìn) sì wà ní ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹlẹ́rìí kan ni, kì í ṣe mẹ́ta. Lórí WhatsApp, àmì ọfà méjì tó wà lókè ọ̀rọ̀ ń sọ pé ó ti gba ìgbà márùn-ún, ó kéré tán, kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sọ pé irọ́ ni. Ó ń sọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ kọ́ ló ni ín. Fún olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kan ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kó wo ìkànnì Dubawa àti Africa Check, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ọ̀rọ̀ wò, kó tó wọ kíláàsì.

A gbọ́ pé àwọn olùkọ́ ń bẹ̀rù ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá ọmọ kọ ìdáhùn. Ó ní bí a ṣe ń mú un: ó máa ń dárúkọ ìwé tí kò sí láyé yìí. Kí ọmọ tó bá kọ ìwé kan sí ìsàlẹ̀ káàdì lọ gbé ìwé náà wá sórí tábìlì, tàbí kó ṣí ojú ìwé náà. Bí kò bá rí i gbé wá, káàdì náà kò ní máàkì.

Máàkì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tó parí nìkan ni olùkọ́ ń fún ní máàkì, ilé oníkọ̀ǹpútà ní ìta á bá ọmọ ṣe é, á tẹ̀ ẹ́, á dì í pọ̀, bàbá á sanwó. Nínú máàkì 40 tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ inú sáà, kí 10 jẹ́ ti ọ̀nà tí ọmọ gbà: 2 fún ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ fi kún ti olùkọ́, 3 fún káàdì, 3 fún ibi tí orísun méjì ti bára mu tàbí ta kora, 2 fún orúkọ ìwé tó pé pérépéré. Inú ilé-ìkàwé ni kí wọ́n ti kọ káàdì, kí olùtọ́jú fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Káàdì tó bá ti ilé wá kò wọlé.

Ní ti àkókò, kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo sáà ṣírò. Nínú ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13, ọ̀sẹ̀ kìíní ti oko ríro ni, ìsinmi àárín sáà á mú díẹ̀, àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò á gba mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù, ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀. Kókó kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ àti olùtọ́jú ilé-ìkàwé jọ mú jáde nínú ìlànà iṣẹ́ sáà náà kí wọ́n tó wọlé; ìdajì wákàtí tó fún ìpàdé yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mú kókó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ń pa á tì. Bí àga ilé-ìkàwé bá jẹ́ 30, tí ọmọ jẹ́ 60, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà. Márùn-ún á lọ sí ilé-ìkàwé, márùn-ún á dúró ti olùkọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á pààrọ̀. Ẹ má kó ọgọ́ta ọmọ wọ yàrá ọlọ́gbọ̀n àga, ariwo nìkan ni wọ́n máa kó jáde.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè lo Kiwix, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí a ka Wikipedia lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìlo dátà, bí a bá ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti Yorùbá náà wà níbẹ̀. Nǹkan méjì ló máa ń bà á jẹ́. Mẹ́mórì káàdì tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí káàdì ń gbà to fáìlì, kì í gba fáìlì tó ju 4GB lọ, ẹ yí i sí exFAT. Èkejì ni ayédèrú káàdì tí wọ́n kọ 256GB sí lára tí inú rẹ̀ kò tó 16. Ẹ da nǹkan kún un tán, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tó sanwó.

Gbogbo èyí kò nílò òfin tuntun. Ìlànà Ètò-ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè yìí ti ka ilé-ìkàwé mọ́ iṣẹ́ ìrànwọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́, ó sì ti ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa náwó sí i. Ìwé ìkéde IFLA (àjọ àwọn ilé-ìkàwé lágbàáyé) àti UNESCO lórí ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ti wà láti 1999. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetowun Ogunsheye ti fi Abadina, ilé-ìkàwé àti ohun èlò ẹ̀kọ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ láti àwọn ọdún 1970. Ohun tí a ń bẹ àwọn pírínsípà fún kéré jùyẹn lọ. Ẹ kọ àkókò ilé-ìkàwé sínú táìmù tébù ní orúkọ iṣẹ́ tó ni ín, bíi "Sáyẹ́ǹsì, ilé-ìkàwé", nítorí èyí tí ẹ bá kàn kọ "ilé-ìkàwé" sí, olùkọ́ ìṣirò á gbà á. Ẹ dín iṣẹ́ kíláàsì olùkọ́ tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé kù. Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rìnlélógún lọ́sẹ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn. Ẹ má fi ilé-ìkàwé ṣe ibi ìjìyà fún ọmọ tó pẹ́ dé. Kí kọ́kọ́rọ́ sì kúrò nínú àpò yín.

Ẹ̀yin olóòtú náà ní ìrànlọ́wọ́ kan lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn tí kò tà tó ń padà wá síléeṣẹ́ yín wúlò fún wa ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ̀dà mẹ́wàá nínú ìtẹ̀jáde kan náà, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ti oṣù tó kọjá, á tó kíláàsì kan lò fún odidi sáà. Kí ó ṣáà jẹ́ ìtẹ̀jáde kan náà; ẹ̀dà mẹ́wàá tó jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́wàá kò ṣeé fi kọ́ wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́,
Ìbàdàn